Kòtò Tó Wà Láyà Láńre

Télọ̀ mẹ́ta ni Láńre ti sá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù Roqeebah ní Róòdù Kejìlélógún, ní Festac, lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan nínú oṣù kejì ọdún 2021. Roqeebah ò tíì mọ èyí. Ohun tó rí ni ọkùnrin gíga kan tó tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tó wọ awò ojú tó nípọn, tí apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò dé ọrùn ọwọ́ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ gùn jù, tó sì fi báàgì ìwé bo àyà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà.

"Ẹ káàsán, Àǹtí. Káfútáànì ni mo fẹ́ rán."

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ gbé báàgì yín sílẹ̀ kí n wọ̀n yín."

"Ṣé ẹ ò lè fojú wọ̀n mí?"

"Ojú mi ò ní nọ́ńbà lára."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé báàgì sílẹ̀. Roqeebah ta téèpù yí i ká. Ẹ̀yìn ò ní wàhálà. Nígbà tó dé iwájú, téèpù náà kàn nà gbọọrọ bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, kò kan ara. Ó fi ìka tì í kó lè jókòó dáadáa, ìka rẹ̀ sì wọlé, ó ń lọ, ó ń lọ, títí ó fi kan egungun nínú kòtò kan tó lè gba ìkúùkù ọmọdé. Ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Láńre ń wo fáànù òkè àjà.

"Ẹ má bẹ̀rù. Kò dùn mí. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní ṣẹ́kọ́ńdírì, Àwo Ọbẹ̀ ni wọ́n ń pè mí."

"Ta ló ń pè yín bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo kíláàsì. Títí kan tíṣà."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo di tíṣà."

Roqeebah fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dá a dúró, àfìgbà tí Láńre fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín ni òun náà tó tú tirẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ ìwọ̀n sínú ìwé: àyà, íǹṣì méjìdínlógójì. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn ò sọ òótọ́. Bí òun bá gé aṣọ tẹ̀lé e, iwájú á rì wọlé, gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ á rí i. Ọjọ́ méjì ló fi rò ó. Nígbẹ̀yìn, ó mú sítéè, aṣọ líle tí àwọn télọ̀ ń lẹ̀ mọ́ inú ọrùn aṣọ kó má ṣe wọ́, ó gé e ní ipele méjì, ó fi tẹ́ gbogbo iwájú láti èjìká dé ikùn.

Nígbà tí Láńre wọ̀ ọ́, ó dúró pẹ́ níwájú dígí.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́," ó ní.

"Ó wà níbẹ̀. Aṣọ ló ń purọ́."

Lẹ́yìn ìyẹn, oṣooṣù ló ń gbé aṣọ wá. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, kò ní aṣọ tí yóò gbé wá mọ́, ó sì ń wá bẹ́ẹ̀.

*

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń rìn láti Festac lọ sí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí àwọn méjèèjì ń gbé, ilé Láńre sẹ́yìn, ilé Roqeebah síwájú nínú ẹ̀sítéètì. Ọmọ onílẹ̀ ni Láńre, ìdílé Ògúnjìmí. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, owó iṣẹ́ tíṣà ló sì fi ń tọ́jú ìyá rẹ̀.

"Kí ló fa kòtò yẹn?" Roqeebah bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ béèrè.

"Èwo nínú ìtàn rẹ̀ lo fẹ́ gbọ́? Ìyá mi ní ìyá bàbá mi ni. Màmá yẹn ló wẹ̀ mí fún ogójì ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Wọ́n ní ó máa ń tẹ̀ mí láyà, ó sì máa ń jù mí sókè. Ìyá bàbá mi ní irọ́ ni, pé ìyá mi ló pọ̀n mí ṣáájú ọjọ́, tó sì fi ọ̀já fún mi láyà mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún."

"Nínú ilé kan náà?"

"Nínú ilé kan náà. Èmi ni mo ń gbé iṣẹ́ láti yàrá sí yàrá. 'Sọ fún un pé omi ti hó.' 'Sọ fún un pé mo ti gbọ́.' Títí Màmá fi kú ní 2016."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Kí lo rò pé ó fà á?"

"Mo rò pé mo jókòó sódì nínú ìyá mi."

Roqeebah gbá a lápá. Láńre rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Dókítà wò mí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní kò ní pa mí. A pa dà sílé."

"Kí ló pa bàbá yín?"

"Ilẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn sọ nìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà, wọn ò dìde mọ́. Ọdún méjìdínlógójì. Ẹbí wa ní ẹjọ́ ilẹ̀ ní kóòtù nígbà yẹn, gbogbo èèyàn sì gbà pé àwọn tí a jọ ń ṣẹjọ́ ni. Kò sẹ́ni tó wá ìdí mìíràn."

*

Àǹtí Sẹ̀kínátù, àbúrò bàbá Láńre, ni alárinà. Obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni, tó sì fẹ́ràn Láńre bí ọmọ tó fúnra rẹ̀ bí. Nínú oṣù kìíní ọdún 2022, ó mú Láńre àti ìyá rẹ̀ lọ mọ ẹbí ìyàwó nílé Alhaja Tàwàkálítù, ìyá Roqeebah.

Opó ni Alhaja. Òun ló kọ́ Roqeebah níṣẹ́ télọ̀ kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Musbau kú lọ́mọ ọdún mẹ́fà, Kabiru kú lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ló pa àwọn méjèèjì, nítorí pé nígbà tí Alhaja ń lọ sílé ọkọ, kò sẹ́ni tó ń béèrè jẹ́nótáìpù. Roqeebah nìkan ló kù.

"Alhaja, òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín," Àǹtí Sẹ̀kínátù bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi òdòdó sílẹ̀ ná. Ìwé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà?"

Láńre fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Alhaja sún ìwé náà mọ́ ojú, ó kà á, ó yí i, ó tún kà á. "AA," ó ní. Omi yọ lójú rẹ̀. "AA! Alhamdulilahi." Ó wá gbé ìwé náà sílẹ̀. "Kò sí nǹkan mìíràn nínú ìdílé yín? Wárápá? Ọpọlọ? Ikú òjijì?"

Àǹtí Sẹ̀kínátù tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Àlàáfíà la wà, Alhaja."

Ìyá Láńre ń wo ilẹ̀. Roqeebah kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀, ó sì gbójú sókè wo Láńre nínú káfútáànì búlúù tí òun fúnra rẹ̀ rán, tí iwájú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ bí pátákó. Ó mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àkókò rẹ̀ nìyí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kòtò kì í ṣe àìsàn, pé kò sẹ́ni tó béèrè kòtò. Ó dákẹ́.

Wọ́n fi ìgbéyàwó sí oṣù kejìlá.

*

Òjò ńlá kan rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, omi ti wọ pálọ̀ Alhaja dé orúnkún. Láńre sáré wá láti ilé, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò rántí wọ nǹkan mìíràn. Òun àti aládùúgbò kan gbé fìrísà lé orí tábìlì, wọ́n gbé àga, wọ́n gbé máṣíìnì ìránṣọ Alhaja àtijọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Láńre fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mí gúlegúle, ètè rẹ̀ funfun. Síńgílẹ́ẹ̀tì ti rin gbingbin, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó wọnú kòtò náà lọ.

Alhaja dúró pẹ̀lú abọ́ tó fi ń gbọ́n omi. Ó wò ó. Ó tún wò ó.

"O ṣeun, ọmọ mi," ohun tó sọ nìyẹn. Ó po tíì fún un.

Ọjọ́ kejì ló tó pe Roqeebah sí yàrá.

"Ta ló rán aṣọ tó wọ̀ wá tọrọ rẹ?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ipele sítéè mélòó lo fi sí i?"

Roqeebah ò lè gbójú sókè. "Méjì."

"Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi sítéè gbé ikùn àwọn alhaji pamọ́. O wá fi àìsàn pamọ́ fún mi nínú pálọ̀ mi."

"Kì í ṣe àìsàn, Màmá. Bí wọ́n ṣe bí i ni."

"Musbau náà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe bí i ni?"

Omi ṣì ń kán láti ara kọ́tìnnì.

"Mi ò kórìíra rẹ̀," Alhaja ní. "Ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ mo rí bó ṣe ń mí. Mo ti jókòó ti ẹni tó ń mí bẹ́ẹ̀ rí. Kó lọ fi àyà yẹn han dókítà tó mọ̀ ọ́n. Kó gba ìwé wá. Bí ìwé bá mọ́, ẹ lọ fẹ́ra yín. Títí dìgbà yẹn, kò sí ìgbéyàwó."

Nígbà tí Roqeebah sọ fún Láńre, ó bínú. Ó ní òun kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ fún mẹkáníìkì kí wọ́n tó rà á. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò pè é. Ní ọjọ́ karùn-ún ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Tẹ̀ lé mi lọ," ó ní. "Mi ò fẹ́ dá nìkan gbọ́ ọ."

*

Dókítà Akínfẹ́nwá, obìnrin kúkúrú kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, ò kọ́kọ́ wo kòtò náà rárá. Ó ní kí Láńre na apá méjèèjì, ó wọ̀n ọ́n láti ìka dé ìka, ó wọn gíga rẹ̀, ó sì rí i pé apá gùn ju gíga lọ. Ó ní kó ká àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́, kó pa ìka yòókù dé e. Orí àtàǹpàkò yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi iná wo ẹyinjú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó fi ọwọ́ kan àyà.

"Dókítà," Láńre ní, "ṣé ìwẹ̀ ló fà á? Wọ́n ní wọ́n tẹ̀ mí láyà nígbà tí mo wà ní ìkókó."

"Rárá o. Kò sí ìyá àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀." Ó fa bébà kan, ó yàwòrán. "Egungun ìhà kọ̀ọ̀kan ní egungun rírọ̀ tó fi so mọ́ egungun àárín àyà. Irú egungun tó wà létí yín yìí. Bí èyí tó rọ̀ bá ń yára dàgbà ju bó ṣe yẹ lọ, á máa ti egungun àárín. Lára àwọn kan, á tì í síta, àyà á yọ ṣóńṣó bí àyà ẹyẹ. Lára àwọn mìíràn, á tì í sínú. Àwọn ọmọ tí kò rí oòrùn àti oúnjẹ gidi, egungun tiwọn náà lè rọ̀, kí àyà wọn yí padà, àmọ́ tìyẹn ò rí báyìí. Ọ̀pọ̀ ló ní kòtò bíi tiyín tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n á gbó, wọ́n á tọ́."

Roqeebah mí kanlẹ̀.

"Àmọ́ àwọn kan wà," Dókítà tẹ̀ síwájú, "tí kòtò yìí jẹ́ àmì kan ṣoṣo lára ọ̀pọ̀ àmì. Gíga yín, apá yín, ojú yín, mò ń wò wọ́n pọ̀ ni. Ṣé bàbá yín wà láàyè?"

"Wọ́n ti kú, mà."

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Méjìdínlógójì."

"Òjijì?"

"Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà ni, mà."

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀. Àwọn méjèèjì pa dà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Dókítà bi Roqeebah ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì bá a sọ ọ́ lédè iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ mọ rọ́bà ìdí ṣòkòtò, bó ṣe máa ń fẹ̀ tí kì í sì í lè pa dà mọ́? Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn rẹ̀ ti ń fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ̀ jù, á ya. Ó dájú lójú mi pé ohun tó pa bàbá rẹ̀ nìyẹn. Àwọn oògùn wà tó lè dín eré rẹ̀ kù. Àmọ́ iṣẹ́ abẹ ló nílò, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Kò gbọdọ̀ gbé nǹkan tó wúwo mọ́."

Fìrísà inú omi ni Roqeebah ń rò.

"Ọmọ ńkọ́, mà?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá bí, bó ṣe lè jogún àìsàn yìí náà ló ṣe lè má jogún rẹ̀. Bí ẹni ta kọ́ìnì sókè ni. Mi ò lè tàn yín."

*

Nílé Láńre nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Láńre ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀mejì.

"Kì í ṣe ìwẹ̀?" ó béèrè.

"Kì í ṣe ìwẹ̀, Màmá."

"Kì í ṣe ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́?"

"Kì í ṣe ọ̀já."

Obìnrin náà yíjú sí ògiri tó wà láàárín yàrá rẹ̀ àti yàrá tí ìyá ọkọ rẹ̀ lò kó tó kú. "Màmá," ó ní, bí ẹni tó ń pe èèyàn lẹ́yìn ògiri náà, "ṣé ẹ gbọ́?" Ó wá bú sẹ́kún, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Àǹtí Sẹ̀kínátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Àyà bùrọ̀dá mi náà jìn," ó ní láìwo ẹnikẹ́ni. "Àwa tí a jọ dàgbà la mọ̀. Wọn kì í bọ́ṣọ níwájú èèyàn."

"Ẹ̀yin náà sì ní àlàáfíà lẹ wà, Àǹtí!" Láńre pariwo.

"Ta ló fẹ́ sọ irú ẹ̀ níwájú ìyá ìyàwó, Láńre? Mo fẹ́ kí o láya ni. Ohun tí mo fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Roqeebah ò rí ẹnu bá a wí. Ohun kan náà lòun náà fẹ́.

*

Alhaja ní kí Roqeebah ka ìwé náà fún òun látòkè délẹ̀. Nígbà tó parí, Alhaja pa ojú dé. Roqeebah ti múra ìjà sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ló ti tò sórí ahọ́n: pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé bí ìyá òun bá kọ̀, òun á bá a lọ bẹ́ẹ̀.

"Mo sọ pé bí ìwé bá mọ́, kí ẹ fẹ́ra yín," Alhaja ní. "Ìwé ò mọ́. Àmọ́ mo ti ronú. Àwọn ọmọ méjì tí mo sin, bí wọ́n bá bi mí lónìí pé ṣé kí wọ́n má wá rárá, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Nítorí náà mi ò ní kọ̀, mi ò sì ní tì ọ́. Ọwọ́ rẹ ló wà. Bí o bá ní o máa fẹ́ ẹ, màá jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń so yín pọ̀, màá sì bá ọ gbé ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ."

Ilẹ̀kùn tí Roqeebah ti ń fi èjìká tì ṣí gbayawu, òun ni kò wá lè wọlé.

Kabiru ló ń padà wá sí i lọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Roqeebah nígbà yẹn, òun ló ń fún táwẹ́ẹ̀lì nínú omi gbóná, òun ló ń gbé e lé orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí egungun bá ń ro ó. Ó rántí iye ìgbà tó fi lọ sí ilé ìdáná tó sì bọ̀ lọ́jọ́ tó kú: ìgbà mẹ́rìndínlógún. Ó rántí pé ní ìgbà kẹtàdínlógún, wọ́n ní kó má wulẹ̀ gbé e wá mọ́. Nígbà tí Láńre wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú kálámù tó bọ́, ẹ̀rù sì bà á kó tó nàró. Ṣé bó ṣe máa rí títí ayé nìyí? Ó tún ro ọmọ tí yóò ní ọwọ́ gígùn, tí òun á máa wọn àyà rẹ̀ lọ́dọọdún.

"Fún mi láyè díẹ̀," ó sọ fún Láńre.

"Má kánjú," Láńre ní. "Gba iye ọjọ́ tó bá wù ọ́."

Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta, mẹ́ta di méje. Ó ń pè é, ó ń bi í ní oògùn tó lò, kò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Láńre béèrè lórí fóònù:

"Sọ fún mi. Ṣé Màmá kọ̀ ni?"

Roqeebah gbé fóònù láti etí kan sí èkejì.

"Ó ṣòro fún wọn," ó ní.

"Ó ti yé mi."

Kò tún béèrè mọ́. Roqeebah gbé fóònù sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ náà ló sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá pé kó tó dáhùn ara rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹwàá, ó jí, ó sì mọ̀ pé òun á fẹ́ ẹ, pé ọdún mẹ́rin pẹ̀lú rẹ̀ dára ju ogójì ọdún láìsí i. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé wọn láìfọwọ́ kan oúnjẹ. Ìyá Láńre ló ṣílẹ̀kùn.

"Ó ti lọ," obìnrin náà ní. "Ó di ọjọ́ mẹ́rin lónìí. Íńdíà ni. Ẹbí ta ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, àwọn tí a jọ ń ṣẹjọ́ gan-an ló rà á."

"Kò sọ fún mi."

"Ó ní kí n má sọ. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá nítorí àánú." Ó dì í lọ́wọ́ mú. "Ó ní bí o bá wá, kí n sọ fún ọ pé òun ò bínú sí ọ. Ìyá rẹ lòun bínú sí."

Ibẹ̀ ló yẹ kí Roqeebah ti sọ ọ́. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó pa dà sílé.

Láńre ò kú. Ó pa dà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Roqeebah gbọ́, ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn sórí fóònù, ó pa á rẹ́; ó kọ òmíràn, ó rán an: "Kú ewu iṣẹ́ abẹ." Láńre dáhùn pé: "O ṣeun. Bá mi kí àwọn oníbàárà." Kò dárúkọ Alhaja.

Ní àdúgbò, ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé Alhaja Tàwàkálítù ló da ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ rú nítorí àyà ọkọ. Àwọn obìnrin ilé kéwú ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń kọjá. Alhaja gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò jiyàn, kò sì bi Roqeebah ní ohunkóhun.

*

Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni Láńre tó tún tẹrí ba wọ pálọ̀ Alhaja. Ó ti sanra díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó kí Alhaja, kò dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sí àga tó jìnnà jù. Roqeebah gbé omi fún un. Ọwọ́ wọn ò kanra.

"Ìyá mi ló rán mi, mà," ó ní. "Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń rán mi. Dókítà sọ pé bí mi ò bá wá lọ́dún yẹn, mi ò ní lo ọdún kan sí i. Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ. Màmá mi ní kí n wá dúpẹ́."

"Ọlọ́run ló yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," Alhaja ní. "Ara ńkọ́?"

"Ó ń ṣe dáadáa. Wọ́n la egungun àyà láàárín, wọ́n fi wáyà so ó pọ̀, wọ́n sì gbé kòtò náà sókè díẹ̀ nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀." Ó mu omi. "Mo máa ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀. Lois lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti bí méjì. Kò fẹ́ bímọ mọ́, èmi náà ò sì fẹ́ bí i. A gbà bẹ́ẹ̀."

"Ọlọ́run á fi alùbáríkà sí i."

"Àmín." Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Mo mọ ìdí tí ẹ fi kọ̀ mí, mà. Mo mọ̀ nípa àwọn ọmọ yín. Ó kàn pẹ́ kí n tó lè wá jókòó níwájú yín ni."

Alhaja la ẹnu. Ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́ wá Roqeebah kiri títí ó fi rí òjìji rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó pa ẹnu dé.

"Ìyá ni mí, Láńre," ó ní. "Má bínú sí mi."

Láńre mi orí. Ó dìde, ó ní òun ń lọ. Roqeebah sìn ín jáde, bó ṣe yẹ kí wọ́n sin àlejò. Òórùn ilẹ̀ tútù gba àgbàlá. Wọ́n dé géètì, Láńre ti fọwọ́ kan irin, kí ohùn Roqeebah tó jáde.

"Láńre. Màmá ò kọ̀ ọ́."

Ó yíjú padà.

"Ọjọ́ tí mo kàwé yẹn fún wọn ni wọ́n ti ní kí n yàn fúnra mi. Wọ́n ní àwọn máa jókòó níbi ìgbéyàwó. Èmi ni ẹ̀rù bà. Nígbà tí o bi mí lórí fóònù, mo jẹ́ kí o rò pé àwọn ni."

Láńre dúró gbọnin. Roqeebah ti ní ìdáhùn sílẹ̀ fún gbogbo ohun tó lè béèrè: ìdí, àti ìgbà tó wá, àti ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Kò béèrè ọ̀kankan.

"Lẹ́yìn gbogbo ìrun," ó ní, "mo máa ń dárúkọ gbogbo ẹni tó gbà mí là. Dókítà. Àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ra ilẹ̀. Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo fi ń fo orúkọ ìyá rẹ."

Ó jọ̀wọ́ géètì, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pa dà sínú ilé. Roqeebah ò tẹ̀ lé e. Ó gbọ́ tí àga kan yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbọ́ nǹkan tó wúwo tó kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tó gbọ̀n jáde láti ojú fèrèsé:

"Háà! Láńre! Dìde, ọmọ mi, dìde, má fi àyà yẹn lélẹ̀!"